Má Dín Afẹ́fẹ́ Táyà Kù Nítorí Ẹja

Jẹ́ńtù, ọkọ mi kékeré,

Mo mọ̀ pé bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wàá kọ́kọ́ rò pé bàbá rẹ ló ní kí n kọ ọ́. Òun kọ́. Orí bẹ́ǹṣì ló wà lábẹ́ àtíbàbà wa ní Igando níbí, ó fi fìlà bojú, ó ní òun ò sùn, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Ẹ̀rọ tí a fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ ti dákẹ́, oníbàárà kankan ò sí, mo wá gbé ìwé lé orí táyà kan, mo ń kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Rùká àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní tí o bá ń bọ̀ wálé kí o mú ẹja dání, kó má sì jẹ́ èyí tó ti kú kó tó rí ọ.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lánàá ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. O ní Alhaja, ọ̀gá rẹ tuntun, fẹ́ kí o dín afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ yẹn kù kí o tó gbé ẹja wọn lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọkọ̀ lè rọ̀, kó má baà máa ju ẹja sókè sódò nínú táǹkì. Mo bi ọ́ pé, "Kí lo wá sọ fún wọn?" O ní, "Àǹtí, mo ní ó ti yé mi, mà." Mo ní, "Ṣé ó yé ọ lóòótọ́?" O rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan wá pè ọ́ lẹ́yìn, o ní wàá pè mí padà, o ò sì pè.

Mi ò bínú. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í já ọ̀gá rẹ̀ ní koro ní ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi táyà tó rọ̀ gbé ẹja àti omi yẹn gba ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, táyà ẹ̀yìn lè bẹ́ lórí eré, ìwọ lo sì máa wà nídìí ọkọ̀. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn. Ẹnu mi ò dá lórí fóònù, ìwọ náà mọ̀ mí. Ọkọ̀ tó máa ń kó oúnjẹ ẹja wá sọ́dọ̀ yín ní Ìjẹ̀gùn máa yà lọ́dọ̀ wa lọ́la, awakọ̀ rẹ̀ ló máa bá mi fi ìwé náà lé ọ lọ́wọ́. Jókòó sí ibi tí ojú ò ti ní pọ̀, kí o kà á tán.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo ní láti tọrọ àyè bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo wọlé bàbá rẹ, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́, ìyá tó bí ọ ti lọ, kí Ọlọ́hun ṣàforíjì fún un. Wọ́n ti kọ́ mi nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tí kò tíì lè so ṣòkòtò ara rẹ̀. Ó yẹ kí n wá orúkọ kan fún ọ. O wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, o ń jẹ ìrẹsì, nígbà tí mo fẹ́ kọjá o gbé abọ́ rẹ, o yẹra, o ní, "Ẹ rọra o, omi wà nílẹ̀." Mo ní, "Ẹ ṣé o, Jẹ́ńtù." Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Jẹ́ńtù kẹ̀? Ẹni tó fọ́ abọ́ mi láàárọ̀ yìí?" Ṣùgbọ́n orúkọ náà mọ́ ọ lára, gbogbo àdúgbò wa ní Egan kò mọ òmíràn.

Nítorí náà, tí a bá tẹ̀ lé àṣà, ìyàwó ni mo jẹ́ fún ọ, ọkọ lo jẹ́ fún mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ń gé èékánná fún ọ. Ìyàwó kì í ti ọkọ kiri. Bí ó bá ní ìmọ̀ràn, ó ní ọ̀nà tó máa ń gbé e gbà kí ọkọ tó gbọ́. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ yá ọ lò fún Alhaja. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti táyà, torí ẹnu dídùn tí kò ní òye nínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Èkíní. Orí bẹ́ǹṣì yìí ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa táyà. Ní ọdún tí mo dé, afẹ́fẹ́ lásán ni mo ka afẹ́fẹ́ sí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀sán gangan, bàbá rẹ ti lọ kírun àìlà, ọkùnrin kan wa píkọ́ọ̀pù tó kún fún pákó dé láti Ọ̀tà. Ó ní kí n bá òun géèjì táyà, kí n wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Mo fi géèjì sí i, mo rí i pé nọ́ńbà tó gbé wá ga ju èyí tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ lọ. Mo bá tú u sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ẹ̀ fi ṣe déédéé. Inú mi dùn sí ara mi. Bàbá rẹ dé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà náà bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá ibà ń ṣe ọmọ.

Ó ní, "Ìyàwó, kí lo ṣe fún un?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, sà. Mo dín in kù."

Ó ní, "Kò pọ̀ jù. Ó gbóná ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, o wá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀."

Kò pariwo mọ́ mi. Ó dá afẹ́fẹ́ náà padà, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún àgbà. Bí táyà bá ń yí lójú ọ̀nà, ara rẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì fẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọkọ̀, ti táyà tó tutù ni. Bí o bá tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án kó lè bá nọ́ńbà mu, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó tutù, kò ní tó mọ́. Látọjọ́ náà mi ò tú afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná sílẹ̀ rí. Ìwọ náà, àárọ̀ ni kí o máa wọn tìrẹ, lẹ́yìn ìrun àsùbá, kí oòrùn tó kàn án, kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Bí ojú ọ̀nà bá ti gbóná sí i lára, fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Èkejì ni nọ́ńbà tó yẹ kí o gbà gbọ́. Èyí tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń nawọ́ sí, ibi tí táyà yẹn lè gbà mọ ni. Ó dà bí àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn. Àtẹ́rígbà ò sọ bí ìwọ ṣe ga tó, ibi tí wàá ti forí gbá ló ń sọ. Nọ́ńbà ọkọ̀ tìrẹ wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó, níbi tí o máa ń rí tí o bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ náà lé ọ lọ́wọ́, kí n tó béèrè ni o ti ya fọ́tò bébà yẹn ránṣẹ́ sí mi, àtàǹpàkò rẹ bo igun rẹ̀ kan. Mo fi han bàbá rẹ. Ó wò ó títí, gbogbo oníbàárà tó wá lọ́jọ́ náà ló sì gbọ́ pé ọmọ òun kì í gbé ọkọ̀ kí ó tó kà á.

Ohun tí bébà náà wí ni pé kí táyà iwájú jẹ́ márùndínlọ́gọ́ta, kí t'ẹ̀yìn jẹ́ àádọ́rin tí ẹrù bá kún. Ìka ò dọ́gba. Iwájú ń gbé ẹ́ńjìnnì àti ìwọ, ẹ̀yìn ló ń gbé táǹkì. Bí o bá já ẹrù tán tí ọkọ̀ ṣófo, t'ẹ̀yìn ò nílò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó wà lára bébà kan náà. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ míì fún ọ lọ́la, má mú nọ́ńbà èyí lọ síbẹ̀. Ka ti ẹ̀.

Wàyí o, ẹrù yẹn gan-an. Alhaja ń wo ẹja, táyà ń wo omi. O sọ fún mi pé táǹkì onírọ́bà méjì ló wà lẹ́yìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lítà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kí ẹja kan ṣoṣo tó wọ inú wọn, tọ́ọ̀nù kan ti wà lórí táyà ẹ̀yìn, bí wọ́n bá kún. Wo inú bébà yẹn náà, wọ́n kọ bí ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé ṣe pọ̀ tó síbẹ̀. Bí ẹrù bá ti kọjá ibẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ tó lè gbà á sílẹ̀, kódà kí bàbá rẹ fi ẹnu ara rẹ̀ fọn ọ́n.

O rí ohun tí táyà rírọ̀ máa ń ṣe lábẹ́ ẹrù? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á tún máa nà, gbogbo ìgbà tó bá yí. Bí o bá mú wáyà tí o ń ká a lọ ká a bọ̀, ṣé o mọ̀ pé ojú ibẹ̀ máa ń gbóná kó tó já? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì lẹ́tàn, torí kò ní bẹ́ nínú ọgbà yín. Ọkọ̀ á rọra jáde ní Ìjẹ̀gùn, á gba inú kòtò bí ẹni ń jó, Alhaja á máa rẹ́rìn-ín pé ara ẹja tù. Orí eré ló ti máa ń bẹ́, níbi tí tírélà wà lẹ́yìn rẹ. Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan gbé irú rẹ̀ wá fún bàbá rẹ kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a bọ́ ọ kúrò lára irin, rọ́bà lúbúlúbú ló ń dà jáde nínú rẹ̀ bí ata gígún. Bàbá rẹ ní, "Ọ̀gá, kí la fẹ́ lẹ̀? Egbò kọ́ rèé, òkú ni." Ọkùnrin náà dúpẹ́ pé òun ò tíì gùn ún jìnnà.

Má sì wá sá fún èyí kí o lọ kó sí ti àwọn tó ń fẹ́ kó le. Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ fọn ọ́n kó le bí òkúta, ẹrù pọ̀." Bàbá rẹ á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi lọ ògì ni?" Táyà tó le jù, àárín rẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, á máa fò. Bí òjò bá rọ̀ tí o tẹ bíréèkì, á yọ̀. Kòtò kan ní Òkè-Odò sì lè là á. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nọ́ńbà tó wà lára bébà yẹn, ẹ̀sọ̀ ni.

Mo rò ó lánàá lẹ́yìn tí o gbé fóònù sílẹ̀ pé bí mo bá kàn ní kí o má dín afẹ́fẹ́ kù, mo ti ràn ọ́ lọ́wọ́ lórí táyà, ṣùgbọ́n mo fi ẹja sílẹ̀. Alhaja á sì bi ọ́ pé, "Kí wá ni ká ṣe fún ẹja mi?" Mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Ìkòtún, mo lọ bá ìyá kan tó ń ta ẹja àrọ̀ tútù nínú ọpọ́n, tí òun náà ti fi ọkọ̀ kó o fún ọdún púpọ̀ kí ẹ̀yìn tó máa dùn ún. Mo ra ẹja kan kí ó lè dá mi lóhùn.

Mo ní, "Ìyá, kí ló máa ń pa ẹja lójú ọ̀nà?"

Ó ní, "Ooru. Ooru, àti kí wọ́n há mọ́ra jù, àti ìgbẹ́ ara wọn."

Mo ní, "Kí ọkọ̀ máa mì wọ́n ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó ní, "Àrọ̀ tó ń bá ara wọn jà tòru tọ̀sán nínú odò, tí wọ́n ń ge ara wọn nírù jẹ, ṣé mímì ọkọ̀ ni wọ́n máa torí ẹ̀ kú? Ta ló rán ẹ wá ná?"

Mo ní ọkọ mi kékeré ló máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó gidi. Ó ń bá ọkọ ṣèwádìí ẹja." Ó wá fà mí sún mọ́ra. Ó ní bí ó bá ku ọjọ́ kan kí ẹ gbéra, kí ẹ má fún wọn lóúnjẹ mọ́, kí omi lè mọ́ dé ibi tí ẹ ń lọ. Kí ẹ jáde ní ìdájí, kí ẹ má dúró nínú oòrùn ra àgbàdo. Ó wá sọ èyí tí mo fa ìlà sí lábẹ́ fún ọ: omi tí kò kún táǹkì ló ń ju ẹja kiri. Bí o bá tẹ bíréèkì, gbogbo omi á sáré wá síwájú, á fi ẹja gbá ògiri. Bí ó bá kún, tí ó ku kìkì ìbú ọwọ́ kan lókè kí wọ́n lè yọ imú mí, ibi tí omi máa sá lọ ò sí mọ́, ẹja á wà pẹ̀sẹ̀. Mo ní, "Bí méjèèjì bá kún, tí ọkọ̀ ò sì lè gbé e?" Ó ní, "Kó gbé ẹyọ kan tó kún. Ta ló sọ fún yín pé ẹja ń sá lọ? Ẹ padà wá kó èyí tó kù."

Mo fi ẹja náà se ọbẹ̀. Ó dùn.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an la dé yìí, Jẹ́ńtù: bí wàá ṣe sọ ọ́ fún Alhaja. Má rò pé wọn ò ní làákàyè. Obìnrin tó bá ń ronú bí ara ṣe máa rí fún ẹja nínú ọkọ̀, mo fẹ́ràn irú rẹ̀ ní ọ̀gá fún ọ. Kí wọ́n tó gbà ọ́, ṣé o mọ̀ pé wọ́n wá sọ́dọ̀ wa? Wọn ò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n jókòó ti bàbá rẹ lórí bẹ́ǹṣì yìí, wọ́n ní kí a bá àwọn géèjì, wọ́n wá ní, "Ọmọkùnrin kan wà tí mo rí tó ń wa ọkọ̀ oníyanrìn gba inú omi ní ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, bí ẹni gbé ẹyin dání. Wọ́n ní ọmọ yín ni." Bàbá rẹ ní, "Bó bá jẹ́ èyí tí kì í sọ̀rọ̀ ni, tiwa ni." Wọ́n ní, "Òun ni mo fẹ́." Ẹni tó rí ọ bẹ́ẹ̀ á gbọ́ tìrẹ.

Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ ni pé kí ẹja dé Ìbàdàn láàyè. Dídín afẹ́fẹ́ kù jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ronú kàn, wọn ò bí i mọ́ ẹja. O lè jẹ́ iṣẹ́ náà láìgba ọ̀nà yẹn.

Ọgbọ́n ìyàwó ilé nìyí. Géèjì àtijọ́ tí bàbá rẹ fẹ́ràn, èyí tó fi aṣọ wé, ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti kíyè sí i pé ó ń purọ́. Bí mo bá wí fún un lójú oníbàárà pé, "Géèjì yín ti bàjẹ́," á jà fún un bí ẹni ń jà fún ọmọ. Mo ra tuntun, mo gbé méjèèjì sílẹ̀, mo ní, "Bàbá Jẹ́ńtù, ẹ bá mi wò ó, ojú táyà kan náà ni mo fi wọ́n sí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èwo ni ká gbà gbọ́?" Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n lára táyà míì. Ó nu ti àtijọ́, ó tì í sínú àpótí. Lónìí, bí o bá dé ọ̀dọ̀ wa, á sọ fún ọ bí òun ṣe dédé fura sí géèjì yẹn. Èmi náà á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Táyà àwọn èèyàn ń ṣe déédéé, kí ló tún kù tí mo ń wá?

Nítorí náà, má lọ bá Alhaja níwájú àwọn tó ń kó ẹja. Lọ bá wọn lẹ́yìn ìrun àsárì ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọgbà bá rọlẹ̀. Ẹja ni kí o kọ́kọ́ sọ, kí o má tíì dárúkọ táyà. Sọ pé, "Alhaja, mo ti ń ronú ẹja yín láti àná." Sọ ti oúnjẹ, sọ ti ìdájí, sọ ti táǹkì kan tó kún. Bí wọ́n bá ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí o ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi wo bébà yìí. Kí lẹ rí níbẹ̀ fún táyà ẹ̀yìn?" Jẹ́ kí ẹnu wọn kà á. Ohun tí àgbà bá fi ẹnu ara rẹ̀ kà kì í tún nira fún un láti gbà. Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Dídákẹ́ ni o mọ̀ ọ́n ṣe jù, má jẹ́ kó wọ́n ọ lọ́jọ́ náà.

Bóyá o ń sọ nínú ara rẹ pé o ò ní ìgboyà rẹ̀. O ní i. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi, mi ò kàn sọ fún ọ rí ni. Nígbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí o ń ràn wá lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ọkùnrin kan tó múra dáadáa ní kí o fún táyà òun ní afẹ́fẹ́ kíá, òun ti pẹ́. O rí kókó kan tó wú lára ẹ̀gbẹ́ táyà náà. O ní ẹ ò ní fọn ọ́n, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ó bú ọ, ó bú bàbá rẹ, ó bú iṣẹ́ wa. O dúró tì í, o fi jáàkì sí abẹ́ ọkọ̀, o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa bú mi lọ, ẹ ṣáà sún ẹsẹ̀ kúrò kí n lè bọ́ ọ." Kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Ó sún ẹsẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn àtíbàbà, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mo sọ fún ara mi pé ọmọ yìí ti dàgbà jù mí lọ. Ohùn tí o fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ni kí o mú lọ bá Alhaja. Kò ga, kò sì mì.

Mo ti fi géèjì tuntun kan sínú ọ̀rá tó wà pẹ̀lú ìwé yìí. Tìrẹ ni, má yá ẹnikẹ́ni. Wọn táyà tí ẹ fi pa mọ́ sábẹ́ ọkọ̀ náà, torí ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìdérí ẹnu táyà, má sọ ọ́ nù, ẹrẹ̀ Ìjẹ̀gùn burú. Níbikíbi tí ẹ bá ti dúró, fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan táyà méjì ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Kí o sì jẹun kí o tó gbéra. Ẹja nìkan ni wọ́n ní kí ebi pa.

Bí Alhaja bá wá kà á tán tí wọ́n ṣì ní kí o dín in kù ńkọ́? Mi ò rò pé wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rò ó dé ibẹ̀. Fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, dọ̀bálẹ̀, kí o ní, "Alhaja, ẹ má bínú, mi ò lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀." Má fi ìbínú kún un. Kí o máa bọ̀ nílé. Bàbá rẹ ti jí báyìí. Mo wá ọ̀nà bi í léèrè, mo ní, "Bí awakọ̀ kan bá kọ̀ tí kò wa ọkọ̀ torí táyà rọ̀, ṣé ọ̀lẹ ni?" Kò ṣí fìlà kúrò lójú. Ó ní, "Ta ni awakọ̀ náà? Sọ fún un kó wá jẹun." Mo rò pé ó mọ ẹni tí mo ń kọ̀wé sí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí o bá kírun tán tí o sì wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pè mí. Má tíì kí mi, má béèrè bàbá rẹ. Nọ́ńbà ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ, ti iwájú, lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn. Bí ó bá pé, màá ní kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ lọ, ṣọ́ ọ bọ̀, màá sì lọ dáná. Bí kò bá pé, má tan ẹ́ńjìnnì. Dúró dè mí. Màá gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bàbá rẹ sínú kẹ̀kẹ́, màá wá dúró síwájú ọkọ̀ yẹn, màá kúnlẹ̀ kí Alhaja dáadáa, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀.

Èmi ni ìyàwó rẹ,
Àǹtí.